Ọ̀rọ̀ Kékeré tó Ṣáájú “Ó Dá Mi Lójú”

Bí nǹkan bá dá ọmọ Yorùbá lójú, á ní ó dá òun lójú. Bí ó bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà wúwo sí i, á fi “gan-an” tàbí “gidigidi” tì í lẹ́yìn, ó parí. Òyìnbó kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Òyìnbó á kọ́kọ́ rán ọ̀rọ̀ kékeré kan síwájú, kí ó tó sọ pé nǹkan dá òun lójú, kí ó sì tó wá sọ ohun náà fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kékeré tó ṣáájú yẹn ló ń sọ bí ìdánilójú náà ṣe tó, bóyá ó kún, bóyá ó ku díẹ̀, bóyá kò tilẹ̀ sí rárá. Mo mọ èyí dáadáa nísinsìnyí. Nígbà tó yẹ kí n mọ̀ ọ́n, n kò mọ̀ ọ́n, mo sì rò pé kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n tó mi.

Abúlé oko wa wà lẹ́yìn Ẹgbẹ́dá, ní apá tó kọjú sí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Iṣu àti òwú ni wọ́n ń gbìn níbẹ̀. Bàbá mi kú ní ọdún tí ìyá mi bí àbúrò mi obìnrin. Ìyá mi gba oko lọ, èmi ni mo sì ń pọn ọmọ náà káàkiri. Ẹ̀yìn mi ló ti kọ́ ọ̀rọ̀ sọ. Nígbà tó wá ń rìn dáadáa, ẹ̀gbọ́n bàbá mi tí wọ́n ti di onígbàgbọ́ ní Ìbàdàn wá mú mi lọ sọ́dọ̀ àwọn òyìnbó ìjọ, kí n lè mọ̀wé. Bí mo bá padà sóko nígbà ìkórè, àbúrò mi á sáré pàdé mi lójú ọ̀nà, á tú ẹrù mi wò kí ó tó kí mi. Ọjọ́ tí n kò bá mú nǹkan kan wá, kì í kí mi rárá. Mo fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀ náà.

Ìyàwó òyìnbó ló ń kọ́ àwa obìnrin níwèé. Lẹ́yìn abẹ́rẹ́ àti òwú ni a máa ń mú wàláà wa. Ní ọjọ́ kan, wọ́n ní àwọn fẹ́ kọ́ wa bí a ṣe ń sọ èrò ọkàn wa kí ó sì dùn létí. Wọ́n kọ ọ́ sí ojú pátákó pé “truly glad that”, inú mi dùn lóòótọ́ pé. “Deeply sorry that”, ó dùn mí wọra pé. “Quite certain that”, ó dá mi lójú gbangba pé. Wọ́n ní kí kálukú wa fi òjò ṣe tirẹ̀. Mo kọ ọ́ pé inú mi dùn lóòótọ́ pé òjò ti dé. Wọ́n gbé wàláà mi sókè kí àwọn yòókù rí i. Láti ọjọ́ náà ni orí mi ti wú.

Mo wá ṣàkíyèsí pé ìrù kan náà ni wọ́n ń so mọ́ ìdí ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ kékeré yìí. “True” di “truly”, “deep” di “deeply”. N kò bi ẹnikẹ́ni léèrè mọ́, èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í so ìrù. Nígbà mìíràn mo máa ń bá a mu, nígbà mìíràn ìyàwó òyìnbó á rẹ́rìn-ín títí omi á fi jáde lójú wọn. Wọ́n sọ fún mi lẹ́ẹ̀kan pé kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ ló ń so ìrù kí ó sì jẹ́ ọ̀rọ̀ tí a mọ̀ tẹ́lẹ̀, pé òmíràn wà tó máa ń di nǹkan mìíràn mọ́ni lọ́wọ́. Mo dáhùn pé mo ti gbọ́. Mo máa ń yára gbọ́ nígbà náà.

Ogun Ìjàyè dé. Àwọn ọkùnrin abúlé wa bá àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn lọ. Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú gbèjà Ìjàyè, ọ̀nà etíkun dí pa, àwọn gbọ́mọgbọ́mọ sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba inú igbó wọ oko wa. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ìyá mi àti àbúrò mi ń ká òwú. Ariwo sọ, gbogbo èèyàn sá. Ìyá mi rò pé ọmọ ti wà níwájú pẹ̀lú àwọn tó kọ́kọ́ sá. Nígbà tí wọ́n dé ilé, ọmọ kò sí níwájú, kò sì sí lẹ́yìn. Bí ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà náà. A wá a títí, a kò rí nǹkan kan ju agbọ̀n òwú rẹ̀ lọ.

Ó tó ọdún méjì kí a tó gbúròó rẹ̀. Ọkùnrin kan wà tó ń bá àwọn òyìnbó gbé ìwé, tó ń fi ẹ̀mí rẹ̀ wewu gba inú igbó lọ sí Èkó. Ó padà dé lọ́jọ́ kan, ó ní òun rí ọmọbìnrin kan ní ilé tí ìjọba òyìnbó ń kó àwọn ọmọ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ olówó ẹrú sí. Ó ní ọmọ náà rí ilà ojú òun, ó sì bi òun bóyá òun mọ ọ̀nà Ẹgbẹ́dá. Ó dárúkọ ìyá wa, ó dárúkọ mi. Ṣùgbọ́n obìnrin Sàró kan, oníṣòwò, ti wá síbẹ̀ pé ọmọ àbúrò òun tó ti kú ni. Ìjòyè òyìnbó tó ń mójú tó ilé náà ní bí ẹbí mìíràn bá wà, kí wọ́n kọ̀wé, òun á sì yàn láàárín wọn. Ọkùnrin náà ní ọjọ́ kejì ni òun tún ń lọ, àti pé bóyá ni òun á tún lọ lẹ́yìn rẹ̀, nítorí díẹ̀ ló kù kí ọwọ́ tẹ òun lọ́nà.

Mo ránṣẹ́ sóko, ìyá mi dé kí oòrùn tó wọ̀, ẹsẹ̀ wọn kún fún ẹrẹ̀. Wọn kò jókòó. Wọ́n ka àmì ọmọ náà fún mi: àbàjà ojú rẹ̀, àpá iná tó wà ní apá òsì rẹ̀ láti ibi tí a ti ń se epo, eyín kan tó gun orí èkejì.

“Kọ gbogbo rẹ̀,” ni wọ́n wí. “Ṣùgbọ́n àmì nìkan kò tó, àwọn ọmọ mìíràn náà lápàá iná. Sọ fún wọn pé ó dá wa lójú. Jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà le.”

“Ó máa le, Ìyá.”

“Kí ó le ju ti obìnrin yẹn lọ.”

Mo jókòó ti tákàdá àti tàdáwà. Mo mọ “quite certain that”, ṣùgbọ́n ó dà bí ọ̀rọ̀ tí gbogbo ọmọ ilé ìwé mọ̀, obìnrin Sàró náà á sì ti sọ ọ́. Ìyá mi ní kí ó le. Kí ni le lédè òyìnbó? “Hard” ni. Òkúta ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, igi ìrókò ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá sì ṣiṣẹ́ kára, “hard” náà ni wọ́n á ní ó fi ṣe é. Mo so ìrù mọ́ ọn, mo gbé e síwájú bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Mo fi lẹ́tà tó gún régé kọ ọ́ pé: “I am hardly certain that the child is my sister.” Inú mi dùn sí i débi pé mo kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ní ìbẹ̀rẹ̀ ìwé náà àti ní ìparí rẹ̀.

Òyìnbó ń ṣàìsàn ibà lọ́jọ́ náà, ìyàwó wọn ló ń tọ́jú wọn. Ìyàwó òyìnbó yọjú sí mi lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n rí mi nídìí ìwé, wọ́n sì ní, “Bí o bá parí, mú un wá, kí n wò ó.” Mo ní kí wọ́n má ṣèyọnu, pé ó ti dára. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Mo fẹ́ kí ó jẹ́ pé èmi nìkan ni mo gba àbúrò mi padà. Mo ti ń wo ara mi bí wọn yóò ṣe máa nàka sí mi ní Ẹgbẹ́dá pé ìwé ọwọ́ mi ló dá ọmọ padà láti Èkó. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ọkùnrin náà ti gba ìwé náà, ó lọ.

Bí oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ìdáhùn dé. Òyìnbó ti gbádùn, ṣùgbọ́n ìyàwó wọn ló ka ìwé náà. Wọ́n kà á dé àárín, wọ́n tún padà sí òkè. Wọ́n wá bi mí pé kí ni mo kọ gan-an. Mo kà á fún wọn láti inú orí mi, láìfi ohun kan sílẹ̀, pẹ̀lú ìgbéraga.

“Kì í ṣe ohun tí o rò ni,” ni wọ́n wí. “Ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe líle mọ́. Ohun tí o sọ fún wọn ni pé, ekukáká ni ó fi dá ọ lójú pé àbúrò rẹ ni.”

Mo ní kò lè rí bẹ́ẹ̀. Mo jà á níyàn, mo ń ka “true”, mo ń ka “deep” fún wọn bí ẹni pé àwọn ló wá kọ́ èdè lọ́wọ́ mi. Wọ́n jẹ́ kí n jà á tán. Wọ́n wá ka ìdáhùn ìjòyè náà sí mi létí. Ó ní ó dun òun púpọ̀ pé òun kò lè ṣe ohun tí a bẹ̀ òun sí. Ó ní ó hàn kedere pé ẹni tó kọ̀wé fúnra rẹ̀ kò ní ìdánilójú, ó sì sọ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní nígbà tó jẹ́ pé ó dá obìnrin kejì lójú gbangba, òun ti fa ọmọ náà lé e lọ́wọ́. Gbogbo ọ̀rọ̀ kékeré rẹ̀ ló wà níwájú, ní ibi tó yẹ kí wọ́n wà. Mo mọ ìtumọ̀ gbogbo wọn, n kò ní láti bi ẹnikẹ́ni.

Mo lọ sóko láti sọ fún ìyá mi. Ẹ̀rù bà mí láti parọ́, n kò sì mọ irọ́ tí ǹ bá pa. Mo ṣàlàyé ìrù, mo ṣàlàyé iwájú àti ẹ̀yìn. Wọ́n fetí sílẹ̀ títí mo fi sọ̀rọ̀ tán.

“Nítorí náà o sọ fún wọn pé kò dá ọ lójú.”

“Rárá, Ìyá. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé ó dá mi lójú gidigidi.”

“Ṣùgbọ́n ohun tí o sọ ni pé kò dá ọ lójú.”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Ìwọ tí o pọ̀n ọ́n,” ni wọ́n wí, wọ́n sì padà sídìí òwú wọn. Wọn kò bú mi, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò lé mi. Wọ́n kàn ń bi mí léèrè ni, lẹ́yìn oṣù kan, lẹ́yìn oṣù méjì, bí a bá ń jẹun tàbí bí a bá ń re odò: ṣé kò kúkú dá mi lójú ni, kí n sọ ọ́, àwọn kò ní bínú. Kò sí ọ̀nà tí mo gbà dáhùn tó tẹ́ wọn lọ́rùn. Mo ti wá rí i pé lédè Yorùbá pàápàá, n kò ní ọ̀rọ̀ tó le tó.

Ìyàwó òyìnbó bá mi kọ ìwé kejì, wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kọ ọ́. Ọkùnrin tó ń gbé ìwé kọ̀ jálẹ̀, ó ní òun ní ọmọ. A kò rí ẹlòmíràn. Ìwé náà wà nínú àpótí títí ogun fi parí, títí ọ̀nà fi là lẹ́yìn ọdún mélòó kan, tí èmi fúnra mi fi bá àwọn oníṣòwò lọ sí Èkó.

Obìnrin Sàró náà kò sí níbẹ̀ mọ́. Wọ́n ní ó ti kó gbogbo ará ilé rẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi padà sí Sàró, ó ti lé ní ọdún kan. Kò sí ẹni tó mọ àdúgbò tó ń gbé níbẹ̀, orúkọ mìíràn ni wọ́n sì ti ń pe ọmọ náà. Mo wá ògbufọ̀ tó ń bá ìjòyè òyìnbó ṣiṣẹ́ lọ. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan ni, kò fi bẹ́ẹ̀ jù mí lọ. Ó rántí ọ̀rọ̀ náà dáadáa, nítorí òun ló túmọ̀ ìwé wa sí Yorùbá lójú gbogbo wọn. Mo bi í bóyá ọmọ náà wà níbẹ̀.

Ó ní ó wà níbẹ̀, àárín ilé gan-an ni wọ́n mú un dúró sí. Ó ní kí òun tó ka ìwé náà, ọmọ náà ti ń sọ fún gbogbo èèyàn pé ẹ̀gbọ́n òun ló kọ ọ́, pé ẹ̀gbọ́n òun mọ̀wé. Òun wá túmọ̀ rẹ̀ bí ó ṣe wà níbẹ̀. Ọmọ náà ní kí òun tún un sọ, òun sì tún un sọ. Kò sunkún. Nígbà tí ìjòyè náà ní kí wọ́n bi ọmọ náà fúnra rẹ̀ pé ta ni yóò bá lọ, ó nàka sí obìnrin Sàró náà.

Ìyá mi dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà oko nígbà tí mo padà dé. Mo sọ fún wọn pé wọ́n ti gbé e lọ sí Sàró, pé kò sí ọ̀nà mọ́; n kò sọ pé òun fúnra rẹ̀ ló nàka sí obìnrin náà. Wọ́n mi orí. Wọ́n wá bi mí bóyá ó béèrè wa kí wọ́n tó mú un lọ.

“Ó béèrè mi, Ìyá,” ni mo wí.