Ọta Orí Pẹrẹsẹ Tí Kàsúmù Pa Tì

Bí ẹ bá fẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ kan ṣú mọ́ yín lórí ìjókòó, ẹ lọ bá Kàsúmù ní Ìbà, kí ẹ bi í nípa orí ọta. Sójà tó ti fẹ̀yìn tì ni, ìbọn ló ń tún ṣe ní gbogbo ìgbà tó fi wọṣọ ìjọba. Lẹ́yìn náà, ẹgbẹ́ kan tó ń fi ìbọn ìléwọ́ yin àmì ojú bébà gbà á síṣẹ́ pé kó máa bá àwọn di ọta, kó máa fi ètù àti òjé ṣe é. Ẹni tó ń di ọta fún jù lọ ni Ọmọ́ṣaléwá, ọmọ àbúrò rẹ̀ obìnrin.

Orí pẹrẹsẹ ni Kàsúmù fẹ́ràn. Òun fúnra rẹ̀ ló ń yọ́ òjé rẹ̀, òjé àlòkù tí wọ́n fi ń mú ẹsẹ̀ ọkọ̀ dọ́gba, tó ń ṣà jọ lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe táyà ní Ìyànà Ìbà. Ọta náà dúdú bí ìdí ìkòkò, ṣùgbọ́n tó bá kan bébà, ihò tó gún régé ló ń gé, kò sí iyàn jíjà. Ọta orí roboto ní tirẹ̀, ńṣe ló máa ń fa bébà ya. Kàsúmù mọ èyí, òun ló kọ́ àwọn yòókù.

Ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, wọ́n ṣe ìdíje láti yan àwọn tí yóò ṣojú ìpínlẹ̀ nínú ìbọn yíyìn. Àwọn kan láti Áílàǹdì, níbi tí àwọn olówó Èkó ń gbé, gbé ọta òkè òkun dé, orí roboto, ó ń dán yinrinyinrin. Ọ̀kan nínú wọn mú ọta Kàsúmù sọ́wọ́, ó ní, "Bàbá, ṣé òjé àwọ̀n ẹja nìyí?" Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ojú ti àgbàlagbà. Ó lọ ra irú tiwọn, ó dì í, ó sì gbé e fún Ọmọ́ṣaléwá, ó ní èyí ló dáa jù. Ọmọ náà gbà á gbọ́, kò bèèrè ohunkóhun.

Nígbà tí Ọmọ́ṣaléwá yìn ín, ọta rẹ̀ tó kẹ́yìn bà sí ẹ̀gbẹ́ ìlà tó pín máàkì mẹ́jọ àti mẹ́sàn-án níyà lójú bébà. Ká ní ihò náà kan ìlà ni, máàkì mẹ́sàn-án ni ì bá gbà. Adájọ́ bẹ̀rẹ̀, ó wò ó títí, ó ní bébà ti ya jù, òun ò lè sọ bóyá ó kàn án. Ó fún un ní mẹ́jọ. Máàkì kan yẹn ni wọn ò fi mú un.

"Ọwọ́ mi ló gbọ̀n, Bàbá," Ọmọ́ṣaléwá wí.

 Kàsúmù ní, "Bí Ọlọ́run ṣe fẹ́ ni." Irọ́ ńlá ni, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó dùn ún títí di òní ju gbogbo ẹ̀rín ọjọ́ náà lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó wọkọ̀ lọ sí Ajangbadi, níbi tí Ọmọ́ṣaléwá ti ń ránṣọ. Ó jókòó, ó sì jẹ́wọ́ láìfi ọ̀kan pa mọ́. "Kì í ṣe ọwọ́ ẹ. Ọta tí mo fún ẹ ni. Èmi ni mo yàn án."

Ọmọ́ṣaléwá dá ẹ̀rọ dúró. Òwú ti já. Ó mú etí òwú, ó tì í bọ ojú abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

"Ẹ̀ẹ̀mejì ni àwọn ìpínlẹ̀ tún ránṣẹ́ pè mí lẹ́yìn ìgbà yẹn pé kí n wá yinbọn," ó wí. "Mo ní kí wọ́n má yọ ara wọn lẹ́nu, pé ọwọ́ mi máa ń gbọ̀n."