Imú Alhaja Ràmátù Kò Bá A Lọ

Ó dìgbà o, ìyá mi. Ó di ọjọ́ àjíǹde kí n tó tún gbọ́ ohùn yín. Inú mi bàjẹ́, inú sì ń bí mi. Èmi Sàláwà, àkọ́bí yín, ni mo ń kọ èyí sínú ìwé fídáù yín, ẹni tó bá sì mọ̀ wá mọ̀ pé a kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ nílé wa.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó bá ọkọ rẹ̀ dé Wagadúgù, tí gbogbo àdúgbò Samandin níbẹ̀ ń pè ní Alhaja Onímú! Igbá kan lẹ fi bẹ̀rẹ̀ òrí títà. Òrí yín dára, àmọ́ kì í kọjá ọjà àdúgbò, iye tó bá sì wu alárinà ló ń dá lé e. Nígbà tí ẹ gbọ́ nípa àmì bíò, àmì tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ọjà láti fi hàn pé kò sí kẹ́míkà nínú rẹ̀, pé wọn kò ba igbó jẹ́, pé wọn kò sì rẹ́ àwọn tó ṣa èso jẹ, àwọn èèyàn wa kan fi yín ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní, "Alhaja, ṣé òyìnbó ló fẹ́ kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń po òrí?" Ẹ ní kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín lọ.

Ẹ kò lè ka Faransé. Lẹ́yìn ìrun alásárì, èmi ni mò ń ka òfin náà fún yín, ẹ̀yin a sì lọ sọ ọ́ ní Mòré, èdè ibẹ̀, fún àwọn obìnrin abúlé tó ń ṣa èso òrí: ẹ má sá a sórí títì ọ̀dà, ẹ má ṣà á nínú oko tí wọ́n fín oògùn sí, ẹ má rọ ọ́ sínú àpò ajílẹ̀. Ti àpò yìí, imú lẹ fi ń ṣọ́ ọ. Kò sí àpò tí a óò dì ní màgásìn tí a ń kó ọjà pamọ́ sí ní Kossodo tí ẹ kì í kọ́kọ́ ki orí bọ̀. Ẹ máa ń sọ pé, "Ojú ń tanni. Ẹ jẹ́ kí n gbóòórùn rẹ̀ ná."

Èmi tí mo ka òfin náà ni mo rú u. Lọ́dún tí a gba àmì náà, tí wọ́n sì kọ́kọ́ béèrè ọjà wa láti òkè òkun, àpò kò tó. Mo mú àpò ajílẹ̀ mẹ́ta, mo fi ọṣẹ fọ̀ wọ́n, mo sá wọn sóòrùn, mo fi wọ́n kó kóró òrí wọlé, mo sì dà á mọ́ òkìtì ńlá tó wà nílẹ̀. Ẹ dé, ẹ ki orí bọ ọ̀kan nínú àpò náà, ẹ pẹ́ níbẹ̀. Mo ní kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ẹ wò mí, ẹ ní, "Ọlọ́run tó rí wa ńkọ́, Sàláwà?"

Ẹ̀yin fúnra yín lẹ pe olùyẹ̀wò àwọn tó ń fúnni ní àmì náà. A pàdánù àmì náà lọ́dún yẹn, a sì ta gbogbo òkìtì náà bí ọjà lásán. Ẹ mú mi lọ sí abúlé, mo kúnlẹ̀ níwájú àwọn obìnrin tí mo ba iṣẹ́ wọn jẹ́. Ẹ sọ fún wọn pé, "Ọmọ mi ló ṣe é, kì í ṣe ẹ̀yin." Ojú tì mí débi pé n kò lè gbórí sókè. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn fà mí dìde, ó ní "barka", ó ní àwọn dúpẹ́ pé a kò fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ fún àwọn.

Nígbà tó dọdún kejì, a gba àmì náà padà, àwọn oníbàárà òkè òkun fúnra wọn ló padà wá. Wọ́n ní obìnrin tó lè fi ẹjọ́ ara rẹ̀ sùn ni àwọn fẹ́ bá dòwò pọ̀. Lónìí, òrí wa wà nínú ṣọ́ọ̀bù ní ìlú tí ẹsẹ̀ yín kò dé rí, àwọn obìnrin abúlé kò sì dúró de alárinà mọ́.

Ní ọjọ́ kẹta tí a sin yín, àwọn alàgbà ọjà kan jókòó sórí ẹní wa. Wọ́n ṣàdúà tán, wọ́n wá ní, "Sàláwà, Alhaja ti lọ. Jẹ́ ká fi kóró tiwa kún tiyín. Àmì ti wà lára àpò, ta ló máa mọ̀?"

Ẹ̀yin alàgbà, ìwé yìí wà lọ́wọ́ yín báyìí. N kò ní dárúkọ yín, nítorí ẹ ṣì ń jẹ sàráà ìyá mi lọ́wọ́. Èsì yín rèé: rárá. Ẹni tó bá fẹ́ àmì, kó ṣe ohun tí ìyá mi ṣe. Ọ̀nà kò dí, èmi gan-an á ka òfin náà fún un. Ṣùgbọ́n ẹ kò ní fi orúkọ òkú ìyá mi bo àpò yín mọ́lẹ̀.

Màmá, lọ́jọ́ tí mo ń gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ sọ́dọ̀ atẹ̀wé, mo yà sí Kossodo. Mo bá àpò kan tí kì í ṣe tiwa láàárín tiwa, wọ́n ti rán ẹnu rẹ̀ pa. Mo tú u, mo ki orí bọ̀ ọ́ bí ẹ ti máa ń ṣe. Ajílẹ̀ ló ń rùn níbẹ̀. Mo ti gbé e síta. Ẹni tó ni ín lè yà mú un tó bá jẹun tán.

Ẹ sùn re o, ìyá mi. Àwọn àpò tó kù, mo ti gbóòórùn gbogbo wọn.