Òjò Bá Kòkó Wa, Màmá Mi Wà Nínú Yàrá

Òórùn kòkó tó bu gbá mi nímú lánàá bí mo ṣe ń wa ọkọ̀ mi gba Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà kọjá, inú sì tún bí mi bíi ti ọjọ́ kan nígbà tí mo wà lọ́mọdé.

Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, àmọ́ láti kékeré ni ọwọ́ mi ti yá ju ti gbogbo ọmọ àdúgbò lọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, a sá kòkó sórí ẹní lójúde, òjò ṣú. Màmá mi ti tilẹ̀kùn yàrá mọ́ra láti dá gbàdúrà, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe lójoojúmọ́.

"Màmá, òjò o! Ẹ jáde, ẹ jọ̀ọ́!"

Wọn ò jáde. Èmi nìkan ń wọ́ ẹní títí òjò fi ba ìdajì kòkó jẹ́.

Lẹ́yìn náà ni Màmá jáde, ojú wọn wú, ara wọn balẹ̀.

"Ẹ ò gbọ́ mi ni?"

"Mo gbọ́, ọkọ mi. Mi ò tíì sọ̀rọ̀ tán ni."

"Ta lẹ ń bá sọ̀rọ̀? Ṣebí ẹ̀yin nìkan lẹ wà níbẹ̀!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ń gbọn omi kòkó dànù.

Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ̀ pé bàbá mi, tí wọ́n ní iṣẹ́ ló gbé lọ sí Òṣogbo, ti fẹ́ ẹlòmíràn níbẹ̀ nígbà yẹn, kò sì ní padà mọ́. Màmá mi ò fi ìkanra rẹ̀ mọ́ mi lọ́jọ́ kan. Yàrá yẹn ni wọ́n ń kó o lọ.