Iná Tí Hamidat Dá Sí Ilé Ìyá Oyèkẹ́

Alàájì Jìbírílù, tó ń ṣe iṣẹ́ wẹ́dà, tó ń fi iná jó irin pọ̀, láàárín ìlú Ọ̀wọ̀, kò tíì rí orúkọ tó bá iṣẹ́ ọmọ rẹ̀ mu. Bí wọ́n bá bi í, ohun tó máa ń sọ ni pé, "Hamidat ń fi kọ̀ǹpútà mú kí ohun tí kò ṣẹlẹ̀ dà bíi pé ó ṣẹlẹ̀." Kò sì parọ́. Ẹni tó bá fẹ́ kí òjò rọ̀ nínú fíìmù lọ́jọ́ tí oòrùn ń ràn ganrínganrín, Hamidat ló ń wá. Kò ní ọ̀gá, kò ní ọ́fíìsì. Yàrá kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀ ló ti ń ṣe é, àwọn oníbàárà á sì ti Èkó àti Ìbàdàn fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí i.

Nínú gbogbo iṣẹ́ tó tíì bọ́ sí i lọ́wọ́, ti Ọlámúyìwá ló tóbi jù. Fíìmù ìjà ilẹ̀ ni Ọlámúyìwá ń yà, ilé àtijọ́ kan sì gbọ́dọ̀ jóná nínú rẹ̀. Hamidat fúnra rẹ̀ ló bá a wá ilé náà rí ní ìlú Imoru: ilé amọ̀ tí ọkọ Ìyá Oyèkẹ́ kọ́ kó tó kú. Àwọn ọmọ ti kọ́ ilé búlọ́ọ̀kù kékeré fún ìyá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àmọ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ọkọ rẹ̀ yẹn ló ṣì máa ń jókòó sí láti àárọ̀ títí oòrùn á fi wọ̀.

"Ṣé iná ò ní kàn án?" Ìyá bi Hamidat nígbà tó wá tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀.

"Kò ní kàn án, Màmá. Inú kọ̀ǹpútà ni iná wà. Wọ́n á ya ilé yín bó ṣe wà, èmi á wá fi iná sára àwòrán rẹ̀."

"Ṣé o lè búra?"

"Mo fi Ọlọ́run búra, Màmá."

Lẹ́yìn náà ni ìwé àdéhùn Ọlámúyìwá dé sórí fóònù Hamidat. Ó kà á dé ibi tí wọ́n ti ní òun á máa tún iṣẹ́ náà ṣe títí á fi tẹ́ oníbàárà lọ́rùn, òun ò sì gbọdọ̀ gba iṣẹ́ fíìmù míì kí èyí tó parí. Ọkàn rẹ̀ kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ó rò ó pé bí òun bá jiyàn, ẹlòmíràn ni wọ́n máa gbé e fún. Ó fi ìka tọwọ́ bọ̀ ọ́.

Ó ṣe iná, ó fi ránṣẹ́. Ọlámúyìwá ní ó ti pupa jù. Ó tún un ṣe. Wọ́n ní èéfín ti bo ìlẹ̀kùn. Ó dín èéfín kù. Wọ́n ní kó dá èéfín padà. Nígbà tó yá, Ọlámúyìwá ní, "Hamidat, iná yìí ò bínú tó." Ó jókòó, ó ń wo kọ̀ǹpútà, kò mọ bí wọ́n ṣe ń mú iná bínú. Láàárín ìgbà yẹn ni àwọn kan pè é láti Àbújá pé kó wá bá wọn ṣiṣẹ́. Ó dúpẹ́, ó ní ọwọ́ òun dí. Wọn ò pè é mọ́.

Bàbá rẹ̀ ní, "Bí mo bá jó géètì fún ènìyàn, tí mo gbé e kọ́, ó parí nìyẹn. Irú iṣẹ́ wo ni kì í parí?"

"Bàbá, mo ti tọwọ́ bọ̀wé."

Alàájì padà sídìí irin tó ń jó.

Lọ́jọ́ kan, Ọlámúyìwá fi ohùn ránṣẹ́: "Má ṣèyọnu mọ́. A ti bá Láníyì, àkọ́bí ìyá yẹn, sọ̀rọ̀ l'Ákùúrẹ́. Ó ti gbà, ó ní ilé náà ti fẹ́ wó tẹ́lẹ̀. A máa sun ún lọ́la, ká lè rí iná gidi yà."

Hamidat pè é, kò gbé e. Ó pe Láníyì. Ìyẹn ní, "Àǹtí, ilé bàbá mi ni. Ṣebí ẹ̀yin lẹ mú wọn wá," ó sì pa fóònù.

Nígbà tó fi máa dé Imoru lọ́jọ́ kejì, wọ́n ti da kẹrosíìnì sí àjà ilé. Ó sáré bá Ọlámúyìwá.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́. Mo ti búra fún wọn."

"Ṣé ó wà nínú àdéhùn?"

Kò sí níbẹ̀. Ẹnu lásán ló fi búra. Ó yíjú, ó rí Ìyá Oyèkẹ́ tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé búlọ́ọ̀kù, ó sì lọ kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀.

"Ìwọ lo ní kò ní kàn án," ìyá wí. Kò pariwo. Lẹ́yìn náà ló ní, "Dìde, ọmọ mi. Erùpẹ̀ pọ̀ níbẹ̀."

Wọ́n tan iná sí ilé náà, àwọn méjèèjì sì ń wò ó títí páànù òrùlé fi já wọlé.

Kò pẹ́ sígbà náà tí Ọlámúyìwá tún pè. Ó ní amọ̀ kì í jó, èéfín lásán ló pọ̀, iná ò hàn. "Bá wa fi tìrẹ kún un. Àdéhùn wa ṣì wà níbẹ̀. Ìyá kan tún yọjú ní igun àwòrán, bá wa yọ ọ́ kúrò."

Hamidat ní òun ò ní lè ṣe é. Ọlámúyìwá ka ìwé àdéhùn sí i létí láti òkè délẹ̀ lórí fóònù. Bàbá rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ nítorí ohùn fóònù ròkè, ó sì padà sí ṣọ́ọ̀bù.

Ó ṣí àwòrán náà. Ìyá Oyèkẹ́ wà níbẹ̀ lóòótọ́, lápá òsì, ó káwọ́ lérí. Hamidat bẹ̀rẹ̀ láti ibi gèlè rẹ̀. Ó ń fi koríko àti ògiri rọ́pò rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí kò fi sí ẹnì kankan níbẹ̀ mọ́. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi iná kún un.