Èémí Tí Wọ́n Fẹ́ Fi Rọ́pò Fáànù

Ẹ má bínú bí ohùn mi bá lọ sókè, ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni mo fẹ́ sọ. Iléeṣẹ́ ìfọṣọ kan náà la jọ wà, ilé kan náà la sì jọ ń gbé. Èmi ń ṣa aṣọ ìdọ̀tí, òun ń lọ aṣọ ní yàrá ẹ̀yìn. Má-Rún-un là ń pè é, torí bó o bá fọwọ́ kan aṣọ ibùsùn tó ti lọ̀, wàá gbọ́ ti ẹnu ẹ̀. Iṣẹ́ yẹn ló fi tọ́ ọmọ mẹ́ta. Kì í sọ pé ó rẹ òun. Kódà lọ́jọ́ tí òòyì kọ́ ọ, tó di tábìlì mú, ó ní, "Kò sí nǹkan kan."

Nǹkan wà. Fáànù yàrá yẹn ti kú, ibẹ̀ sì gbóná bí inú ìkòkò. A sọ fún ọ̀gá, ó ní òun ti gbọ́.

Kàkà kí wọ́n tún fáànù ṣe, obìnrin kan tó ń kọ́ni béèyàn ṣe ń mí kí ọkàn lè balẹ̀ ni wọ́n mú wá, aṣọ funfun nigínnigín, ohùn pẹ̀lẹ́.

"Ẹ jókòó, ẹ dijú, ẹ fọkàn sí èémí yín, ẹ fetí sí ohun tí ara yín ń sọ. Bí ọkàn bá sá lọ, ẹ má bá a jà, ẹ rọra mú un padà."

Mo ní, "Màdáámù, fáànù ńkọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ jẹ́ kí èrò yẹn náà kọjá lọ bí ìkùukùu."

"Ó máa kọjá kẹ̀? Fáànù tí ò lè yí lójú kan!"

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ aṣọ níbẹ̀, ẹsẹ̀ ọ̀tún ni wọ́n ń fi tẹ̀ ẹ́ kí ooru tó tú síta, ṣìì. Bí obìnrin náà ṣe ní, "Ẹ mí síta," gbì! Gbogbo àwọn tó ń lọ aṣọ fẹsẹ̀ ọ̀tún tẹ ilẹ̀, bó ṣe mọ́ wọn lára. Ó lajú, ó rò pé ijó ni.

Ohun tó dùn mí ni pé ẹ̀gbọ́n mi gba nǹkan yìí gbọ́. Láràárọ̀, káwọn ọmọ tó jí, á ti jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì.

"Àǹtí, ṣé ẹ ti di ère ni?"

"Fi mí lọ́rùn sílẹ̀, aláròyé. Mò ń sùn dáadáa báyìí. Mi ò jágbe mọ́ àwọn ọmọ mọ́."

Mi ò lè jiyàn, ó ń sùn lóòótọ́. Àmọ́ ẹni tó bá ń rọ̀ ẹ́ pé kó o sùn, wo ọwọ́ ẹ̀ kejì dáadáa. Mo mọ̀ pé ṣe ni wọ́n fẹ́ pa wá lẹ́nu mọ́. Ọ̀gá pàápàá ti kọ́ ọ: bó o bá ráhùn pẹ́nrẹ́n, á ní, "Mí sínú."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo gbọ́ táwọn ẹ̀rọ dákẹ́. Mo sáré lọ. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó dijú. Ọ̀gá dúró lé e lórí.

"Má-Rún-un, kí lèyí? Aṣọ àwọn oníbàárà ń dúró!"

"Ẹ ní ká fetí sí ohun tí ara wa ń sọ, sà. Mo ti fetí sí i. Àyà mi ń lù kì-kì-kì, ìka mi ti kú. Tẹ́lẹ̀ mo máa ń ní kò sí nǹkan kan. Irọ́ ni mò ń pa fún ara mi. Mi ò ní dìde àfi tí fáànù bá yí."

"Àsìkò èémí kọ́ nìyí!"

"Èémí ò ní àsìkò, sà. Ẹ dá tiyín dúró díẹ̀ ká wò ó."

Àwọn yòókù jókòó tì í lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi náà jókòó. Ọ̀gá fa fóònù yọ, ó pe oníná. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, oníná ti gbé àkàsọ̀ wọlé, fáànù sì ń yí.

Àtìgbà yẹn, wọn ò pe obìnrin aláṣọ funfun yẹn wá mọ́. Wọ́n ní ẹ̀kọ́ náà ti tó. Ẹ̀yin ẹ gbà mí: tó bá jẹ́ ìlera wa ni wọ́n ń wá, kí ló dé tí wọ́n fi dá a dúró lọ́jọ́ tó ṣiṣẹ́?