Ìṣákọ́lẹ̀ Tí Mo Dá Padà

Ẹ bi ẹnikẹ́ni ní Ìlọrà, wọn á sọ fún yín pé kò sí ẹni tó ń kọ ebè bíi tèmi. Ìwé mi ò ju kíláàsì mẹ́ta lọ, àmọ́ iṣu ò bi mí léèrè ìwé ẹ̀rí rí. Bí iṣu mi bá wọ ọjà, tàwọn yòókù a máa tijú.

Ìdí nìyẹn tí n kò fi ka ilẹ̀ olókùúta tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi lọ́nà Ìmíni sí nǹkan kan. Bí o bá ṣá ọkọ́ níbẹ̀, iná ni yóò máa ta. Ọkùnrin kan wá láti Ìwàrè, ó bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kí òun máa gbin ẹ̀gẹ́ àti iṣu díẹ̀ síbẹ̀. Mo fún un. Lọ́dọọdún ló ń gbé iṣu wá fún mi ní ìṣákọ́lẹ̀, bí àṣà wa. Ìṣákọ́lẹ̀ kì í ṣe torí jíjẹ. Ẹ̀rí ni, kí ayé lè mọ̀ pé èmi ni mo nilẹ̀, pé ńṣe ló kàn ń dáko níbẹ̀.

Lọ́dún kan, ó gbé e dé nígbà tí ẹbí kún ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi. Iṣu márùn-ún, tín-ín-rín bí ìrù eku. Mo gbé ọ̀kan sókè kí gbogbo wọn lè rí i.

"Ṣé iṣu nìyí àbí okùn ẹran? Gbé e lọ fún àwọn ọmọ rẹ. Láti òní lọ, má gbé ìṣákọ́lẹ̀ wá fún mi mọ́. Àká mi kún."

Ó dọ̀bálẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé títí láé ni?"

"Títí láé! Ṣé etí rẹ di ni?"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Olórí ẹbí wa nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Orí ló ń mì.

Kò pẹ́ tí wàhálà àwọn agbébọn fi wọ inú igbó wa. Ìjọba kó sójà wá, wọ́n kọ́ bárékè. Níbo? Ẹ̀yìn ilẹ̀ olókùúta yẹn gan-an. Wọ́n ní ilẹ̀ líle ló lè gba àwọn ọkọ̀ ogun. Géètì wọn sì kọjú sí oko ẹ̀gẹ́ ọkùnrin yẹn.

Ẹ wá wo ayé! Katakátá fọ́ òkúta, wọ́n da ọ̀dà sí títì, iná mànàmáná dé. Àwọn lébìrà tó ń bá mi kọ ebè sá lọ po sìmẹ́ǹtì fún sójà. Ọlọ́kadà tó ń kígbe "Fìdítì! Fìdítì!" tẹ́lẹ̀ wá ń kígbe "Bárékè!" Ọkùnrin ará Ìwàrè hú ẹ̀gẹ́ rẹ̀, ó kọ́ ìsọ̀ mẹ́fà. Onígbàjámọ̀ gba ọ̀kan, télọ̀ tó ń gán yunifọ́ọ̀mù gba ọ̀kan. Ìyàwó rẹ̀ ń gúnyán fún sójà. Àwọn sójà wá ń pè é ní Bàbá Géètì. Bàbá Géètì! Ọkùnrin tí ebè tó ń kọ lóòjọ́ kò tó èyí tí mò ń kọ kí n tó jẹun àárọ̀!

N ò ní purọ́ fún yín, ìlara mú mi. Bí wọ́n bá ní ó ra ọ̀kadà tuntun, mo máa ń ju ọkọ́ sílẹ̀ láàárín ebè. Lọ́jọ́ kan, mo lọ bá a níwájú ìsọ̀ rẹ̀.

"Ìṣákọ́lẹ̀ mi dà?"

Ó dọ̀bálẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ ní kí n má gbé e wá mọ́."

"Àwàdà ni mo ń ṣe!"

"Àwàdà yín náà ni mo gbé ilé lé, Ẹ̀gbọ́n."

Ìyàwó rẹ̀ ò tiẹ̀ gbé ọmọ odó sílẹ̀. "Bàbá, ẹ jókòó kẹ́ ẹ jẹ iyán. Inú tó ń bí yín yìí, ebi ni." Àwọn sójà tó ń jẹun rẹ́rìn-ín.

Mo gbé ẹjọ́ lọ bá olórí ẹbí. Ó pe gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà jọ, ó pe ọkùnrin yẹn náà. Kí a tó jókòó, àbúrò mi kan fà mí lápá. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣáà sọ pé ọdún kan péré lẹ yọ̀ǹda fún un. Àwa náà ò gbọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ." Mo ti gbà bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti wà lẹ́nu mi.

Olórí ẹbí kọjú sí mi. "Ṣé o sọ pé títí láé, àbí o ò sọ ọ́?"

Mo wo ọkùnrin yẹn. Kò bẹ̀bẹ̀, kò jiyàn. Ó kàn ń wolẹ̀, bí ẹni tó ti mọ̀ pé màá purọ́. Ohun tó bí mi nínú jù nìyẹn. Ta ló ní kó rò pé irú èmi yìí á purọ́ nítorí òkúta?

"Mo sọ ọ́," ni mo wí. "Títí láé ni mo ní. Èmi kì í sọ̀rọ̀ tán kí n tún kó o jẹ."

"Ilẹ̀ ti lọ nìyẹn," ni olórí ẹbí wí. "Ẹnu rẹ lo fi gbé e fún un." Àbúrò mi pòṣé, ó dìde, ó jáde.

Ọ̀dọ̀ mi ni ìyàwó Bàbá Géètì ti ń ra iṣu báyìí, torí iṣu ọkọ rẹ̀ ò ṣeé gún. Bí mo bá gbé e dé, mo máa ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì wọn. Bí àwọn sójà bá ń yin iyán, mo máa ń sọ fún wọn pé iṣu mi ni, pé kò sí irú rẹ̀ ní gbogbo Afijió. Wọ́n á mi orí. Wọ́n á fọwọ́, wọ́n á dìde, wọ́n á sì yíjú síbi tí ọkùnrin yẹn jókòó sí.

"Bàbá Géètì, ẹ ṣeun o!"