Ilẹ̀kùn Balùwẹ̀ Tó Ṣí Sínú

Gbọọrọ káfíńtà kì í rí àríyànjiyàn kó yà fún un. Ẹnì kan bèèrè nínú ẹgbẹ́ àwọn káfíńtà lórí Wásáàpù bóyá inú ni ilẹ̀kùn balùwẹ̀ yẹ kó ṣí sí àbí ìta, kíá ló ti dáhùn: "Ìta ni! Bí èèyàn bá ṣubú sẹ́yìn rẹ̀ ńkọ́? Ẹni tó bá kàn án kó ṣí sínú, kò ní làákàyè."

Ni ìjà bá bẹ́ sílẹ̀. Àwọn kan ní tó bá ṣí síta, yóò máa gbá ẹni tó ń kọjá lójú, ṣé làákàyè nìyẹn? Kálukú ń búra pé tòun ni làákàyè. Kúkúrú nìkan ni kò sọ nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ òun àti Gbọọrọ ti ń lo ṣọ́ọ̀bù kan náà fún ọdún méjìlá. Ó kà á, ó sì jáde kúrò nínú ẹgbẹ́.

Ara bẹ̀rẹ̀ sí í fu Gbọọrọ. Kúkúrú ti lẹ̀dí àpò pọ̀ mọ́ àwọn tó ń ta kò ó! Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ṣọ́ ọ lọ́wọ́, tó ṣọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Kúkúrú ń da ojú fóònù dé, aago mẹ́ta ọ̀sán ló ti ń lọ sílé. Ó dájú pé ó ń wá ṣọ́ọ̀bù míì. Ẹ̀rù ba Gbọọrọ gidi: ta ni yóò máa bá a di etí pákó kejì mú?

Lọ́jọ́ kẹrin, ó tẹ̀ lé e délé. Wọ́n ti yọ ilẹ̀kùn balùwẹ̀, wọ́n fi ti ògiri, wọ́n ti fi àáké fọ́ ibi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Màmá Kúkúrú dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ti fi báńdéèjì di ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni wọ́n ṣubú sí," Kúkúrú rọra wí sí i létí. "Odindi wákàtí kan, a ò rí i ṣí. Èmi ni mo kàn án kó ṣí sínú. Ọjọ́ kejì lo bú mi lójú gbogbo èèyàn."

"Èmi? Mi ò gbọ́ pé Màmá ṣubú rárá!"

Kúkúrú wò ó tìfura-tìfura. Kò gbà á gbọ́.

Màmá gbórí sókè. "Ọmọ mi ka ọ̀rọ̀ ẹnì kan nípa ilẹ̀kùn àti làákàyè sí mi létí. Mo ní òótọ́ lẹni yẹn sọ. Àtìgbà yẹn, ọmọ mi ò jẹun dáadáa mọ́. Káfíńtà ni ìwọ náà, wàá mọ̀ ọ́n. Ta ló kọ ọ́?"

Kúkúrú wolẹ̀, kò tú u fó.

"Èmi ni, Màmá," Gbọọrọ wí.